Bọ́tìnnì, àpótí onísọ́ǹdì tàbí kọ̀ǹpútà: èwo ló yẹ kó máa tan fáànù rédíétọ̀ yín ní Àjàṣẹ́?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún onímọ́tò tí ooru ẹ́ńjìnnì ń yọ lẹ́nu ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọ̀kan ni bọ́tìnnì tí wọ́n ń kàn mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí awakọ̀ lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan fáànù. Èkejì ni àpótí kékeré kan tó ní sọ́ǹdì (ohun tó ń mọ bí omi ṣe gbóná tó) àti kókó tí à ń yí, èyí tó ń tan fáànù fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbóná dé ibi tí a yàn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń yí nọ́ńbà inú calculateur (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) padà kí fáànù lè tètè ṣí.

Àpótí onísọ́ǹdì la fọwọ́ sí jù, bí sọ́ǹdì rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí à ń lọ́ wọ inú omi bíi bóòtù. Bọ́tìnnì dára bó bá ń ti ohun mìíràn lẹ́yìn, kò dára kó dá nìkan ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wúlò gan-an fún ọkọ̀ díẹ̀. Fún ìyókù, owó ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ sẹ́fà kan lápò, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré ju 50 tàbí 60 km ní wákàtí kan, iṣẹ́ fáànù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti ń gba àárín rédíétọ̀ kọjá ju bí fáànù ti lè fà á lọ. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọjà Ouando, tàbí níbi tó tò sí lẹ́nu ibodè Igolo, tó sì ń tutù padà nígbà tí ọ̀nà bá ṣí, fáànù rẹ̀ lẹ ó fi ẹ̀sùn kàn. Èyí tó ń gbóná lórí eré láàárín Pobè sí Kétu, tàbí lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ sí Parakou níbi tí kò sí ohun tó dá a dúró, ẹ fi fáànù rẹ̀ sílẹ̀. Rédíétọ̀ tó dí ni, tàbí pọ́ǹpù omi tó ti jẹ, tàbí tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi ẹ́ńjìnnì láti lọ sí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná) tó há, tàbí joint de culasse (ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) tó ti jó. Ẹni tó bá ra ohun ìtanná fáànù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ibi tí omi inú rédíétọ̀ yín ti ń hó. Omi lásán ń hó ní 100°C. Bí ìdérí rédíétọ̀ bá di ìfúnpá bíi bar kan mú, omi lásán yẹn á dé nǹkan bí 120°C kó tó hó. Bí a bá da omi pọ̀ mọ́ liquide tòótọ́, èyí tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe, ní ìlàjì-ìlàjì, tí a sì fi ìdérí kan náà dé e, ó máa ń súnmọ́ 130°C kó tó hó. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ka glycol àti ìdérí tó le mọ́ ọn kí wọ́n tó yan nọ́ńbà tí fáànù wọn yóò fi ṣí. Bí wọ́n bá sọ pé kí fáànù dúró di 105°C, ọkàn wọn balẹ̀ pé omi ò ní hó níbẹ̀. Àmọ́ tí a bá fi omi ẹ̀rọ kún un, tí rọ́bà abẹ́ ìdérí sì ti gbẹ tí kò di ìfúnpá mú mọ́, omi á ti hó kí fáànù tó jí. Lójú wa, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn fáànù, àìsàn ìdérí ni. Ìdérí tuntun kò wọ́n rárá sí ohunkóhun nínú àwọn ọjà mẹ́ta yìí. Ẹ rà á kọ́kọ́, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ti àtijọ́ kí ẹ lè ra irú rẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹta ni tẹ́mósítáàtì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi mẹkáníìkì. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ooru tó fi ń ṣí sí ara rẹ̀: 82 ni lórí àwọn kan, 88 tàbí 89 lórí àwọn mìíràn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó máa ń gbóná sí i bíi ìwọ̀n mẹ́wàá kó tó là tán. Fáànù kò lè mú kí omi tutù ju ibi tí tẹ́mósítáàtì fẹ́ kó wà lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní tẹ́mósítáàtì 88, tó wá pàṣẹ pé kí fáànù ṣí ní 88 kó sì kú ní 84, fáànù rẹ̀ kò ní kú láéláé ní ọ̀sán gangan. Á máa yí láti ilé dé ọjà, mọ́tò inú fáànù á jó, átánétọ̀ á sì máa ṣe wàhálà lásán. Kí ibi tí fáànù ń kú sí wà lókè ibi tí tẹ́mósítáàtì ń ṣí sí, ó kéré tán ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 82, ẹ jẹ́ kó ṣí ní 94 sí 96, kó kú ní bíi 90. Bó bá jẹ́ 88, kó ṣí ní 98 sí 100, kó kú ní 93 sí 94.

Àwọn mẹkáníìkì wa kan á sọ pé kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì dànù, kí ọkọ̀ lè sinmi. Kò sí ìsinmi níbẹ̀. Lórí ọ̀nà tó tú, ẹ́ńjìnnì á tutù jù, calculateur á rò pé òwúrọ̀ ni, á máa da epo púpọ̀ sí i, omi tó ń kó sínú ọ́ìlì kò ní gbẹ, ọ́ìlì á sì dì bí ògì. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, lórí àwọn ẹ́ńjìnnì tí tẹ́mósítáàtì wọn ń dí ọ̀nà àbùjá omi, apá kan omi á tún máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìgba inú rédíétọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀, ẹ dá a padà kó tó kan ọ̀rọ̀ fáànù, nítorí gbogbo nọ́ńbà tí a ń sọ nínú àyẹ̀wò yìí dúró lórí rẹ̀.

Ó ku bọ́tìnnì. Òun ló pọ́ọ́kú jù, òun náà sì ni wọ́n ń bà jẹ́ jù níbi tí wọ́n ti ń so ó. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fa wáyà tín-ín-rín láti bátìrì gba inú bọ́tìnnì lọ sí fáànù tààrà. Fáànù ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bí 10 A sí 20 A nígbà tó ń yí, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á sì gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́tìnnì 10 A kò lè gbà á. Lóṣù kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́. Lóṣù kejì, rọ́bà rẹ̀ á yọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ló máa wó o.

Ohun tó yẹ kó wà láàárín ni rẹlé, èyí tí iná kékeré láti bọ́tìnnì fi ń tan iná ńlá fáànù. Ẹ ra rẹlé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti 40 A. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ọ̀kan náà sì ni lórí ọ̀pọ̀ rẹlé irú yìí: 30, 87, 85, 86. Láti bátìrì, wáyà 4 mm² wọ inú fíúsì 30 A, kí fíúsì yẹn má jìnnà sí bátìrì ju 20 cm lọ, kí ó sì lọ sí 30. Láti 87, wáyà 4 mm² kan náà lọ sí fáànù. Wáyà 0,75 tàbí 1 mm² tó fún 85 àti 86, torí iná tó ń gba ibẹ̀ kò tó 0,3 A. Ẹ mú 86 láti orí iná tó ń wá nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí 85 sì gba inú bọ́tìnnì lọ sí masse (ara irin ọkọ̀ tó so mọ́ ẹsẹ̀ òdì bátìrì). Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbé kò ní pa bátìrì: bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yọ, fáànù ti kú. Tí wọ́n bá mú un tààrà láti bátìrì, fáànù 15 A kan á ti gbé ìdajì bátìrì 60 Ah jẹ láàárín wákàtí méjì, kò sì sí ìdánilójú pé ọkọ̀ á gbà láti bẹ̀rẹ̀.

Masse fáànù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ sórí bóòtù tó ti ipata. Ẹ fi wáyà tó nípọn bí ti ọ̀nà 87 gbé e dé bátìrì tàbí ara ẹ́ńjìnnì níbi tí a ti ha dáadáa. Ìdánwò rẹ̀ kò le: nígbà tí fáànù ń yí, ẹ wọn iná lórí ẹsẹ̀ bátìrì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí plọ́ọ̀gì fáànù. Bí bátìrì bá jẹ́ 13,8 V tí fáànù sì rí kìkì 12,5 V, wáyà tàbí ìsopọ̀ kan ti ń jẹ iná lójú ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ló sì máa kọ́kọ́ jó. Ìyàtọ̀ 0,5 V la lè gbà, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkùnà bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni ti Toyota àtijọ́. Lórí Peugeot 405 tàbí Golf 3, sọ́ǹdì tó wà lára rédíétọ̀ ṣí sílẹ̀ (iná kò gba inú rẹ̀) nígbà tó bá tutù, ó ń pa pọ̀ (iná ń gba inú rẹ̀) nígbà tó bá gbóná, ìgbà yẹn ni fáànù ń yí. Ẹ lè so bọ́tìnnì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyíkéyìí tó bá pa pọ̀ á tan fáànù. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Corolla àti Carina E àtijọ́, òdì kejì ni. Sọ́ǹdì ń pa pọ̀ nígbà tó bá tutù, ó ń ṣí bó bá ti tó 93°C, rẹlé á sì jẹ́ kí fáànù yí. Ẹni tó bá so bọ́tìnnì ní ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹdì irú ọkọ̀ yìí, tó sì tẹ̀ ẹ́, fáànù ló pa, kì í ṣe pé ó tan án. Á máa wo iná bọ́tìnnì rẹ̀ tó pọ́n bíi ti ọlọ́pàá, omi á sì ti máa hó. Fún Toyota bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ já wáyà sọ́ǹdì ni. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ọkọ̀ yín jẹ́, ẹ yọ plọ́ọ̀gì sọ́ǹdì rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsí pé ẹ tan ọkọ̀. Bí fáànù bá yí, ti Toyota ni.

Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí bọ́tìnnì tó ń pa fáànù fi lè wúlò, òjò sì ni. Nígbà tí omi bá kún ojú ọ̀nà ní Àjàṣẹ́, tó sì ga dé ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ewé fáànù tó ń yí lórí eré bó bá kan omi lè tẹ̀ síwájú kó sì fá ojú rédíétọ̀. Ẹ pa á, kí ẹ kọjá, kí ẹ tún tàn án lẹ́yìn náà. Bí ẹ kò bá máa gba omi, kò yẹ kí ọwọ́ awakọ̀ lágbára láti pa fáànù tí sọ́ǹdì fẹ́ tàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò wo abẹ́rẹ́ ooru.

Àpótí onísọ́ǹdì ló gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ awakọ̀. Irú mẹ́ta ló wà lọ́jà. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ́kánná sọ́ǹdì rẹ̀ ni wọ́n ń gún sáàárín ìyẹ́ rédíétọ̀. Ó yá láti so, kò sì sí omi tó máa jò, ṣùgbọ́n ohun tó ń kà kéré sí ooru tí omi ní gangan, ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà á sì máa tú u díẹ̀díẹ̀. Bó bá bọ́, afẹ́fẹ́ ló máa máa kà, fáànù ò ní ṣí mọ́ láé, kò sì ní sí iná kankan tó máa kìlọ̀. Mẹkáníìkì tó bá gún un láìfara balẹ̀ tún lè gún ihò sínú páìpù rédíétọ̀. Irú kejì ní wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ inú rọ́bà omi lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè rẹ̀. Ẹ má rà á. Ibi tí wáyà yẹn gbà kọjá á máa jò, gbígbóná àti títutù ò ní jẹ́ kí ìdè di í dáadáa. Irú kẹta ní sọ́ǹdì onígíríìfù, èyí tí à ń lọ́ bíi bóòtù, tó ń wọ inú omi gan-an, yálà ní ihò kan lórí ẹ́ńjìnnì, tàbí lórí páìpù irin kékeré tí a gé rọ́bà omi òkè fi sí. Ìyẹn la yàn. Bí ẹ bá lo páìpù kékeré yẹn, ẹ rí i pé ara rẹ̀ ní wáyà masse tirẹ̀ bí sọ́ǹdì bá jẹ́ oníwáyà kan, torí rọ́bà kì í gbé iná.

Ibi tí sọ́ǹdì wà ló ń sọ nọ́ńbà tí ẹ máa yàn. Rọ́bà òkè, tó ń ti ẹ́ńjìnnì wọ rédíétọ̀, ló gbóná jù. Nọ́ńbà tí a kọ lókè yìí bá ibẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, omi tó ti tutù lẹ ń kà, ẹ sì ní láti yàn án kéré sí i dáadáa. Ìṣòro tó ń mú kí àwọn ènìyàn sọ pé àpótí wọn ń purọ́ kò ju èyí lọ.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kókó kò ṣe é gbára lé. Ẹ lo ohun tó ń ka ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, ti epo bẹntiróòlù Yúróòpù láti 2001 àti ti gásóìlì láti 2004, ní plọ́ọ̀gì OBD lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí a ti ń ka ohun tó wà nínú calculateur. ELM327, ohun kékeré tí à ń kì bọ ibẹ̀ tó ń gba Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, tó láti ka ooru omi. (Nọ́ńbà tó ń bọ̀ láti calculateur ni fóònù ń yọ 40 kúrò nínú rẹ̀ kó tó fi hàn yín, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi ń fi -40°C hàn nígbà tí wáyà sọ́ǹdì bá já; yìnyín ò bọ́ ní Kétu.) Ẹ yí kókó àpótí sí ibi tó gbóná jù. Ẹ pa éésì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí fóònù á fi ka 95 fún tẹ́mósítáàtì 82. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa yí kókó padà díẹ̀díẹ̀ títí fáànù á fi ṣí. Ẹ dúró kó kú, ẹ wo nọ́ńbà tó fi kú, kí ẹ jẹ́ kó tún ṣí lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta. Ní ọ̀pọ̀ àpótí, ìwọ̀n bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń wà láàárín ṣíṣí àti kíkú. Bó bá ń ṣí tó sì ń kú ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, sọ́ǹdì ti sún mọ́ ibi tí atẹ́gùn fáànù ń kàn.

Inú púpọ̀ nínú wọn ní rẹlé tiwọn, wọ́n á sì kọ 30 A sí i lára. Ẹ má gbà gbọ́ tán. Lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì níbi tó ti gbóná, rẹlé kékeré inú àpótí yẹn á lẹ̀ pọ̀. Ẹ lo àpótí láti pàṣẹ fún rẹlé 40 A ti ìta, ìyẹn ni pé kí wáyà tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí 86, kì í ṣe sí fáànù. Bí rẹlé bá wá jó lójú ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ lè yá rẹlé fèrè ọkọ̀ yín bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan náà, kí ẹ fi dé ilé. Àpótí náà, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tàbí sí ibi tí omi ẹni tó ń fọ ẹ́ńjìnnì kò ní dé. Wáyà kan tún máa ń wà fún éésì. Ẹ so ó mọ́ iná kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, éésì á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ìfúnpá gáàsì á sì ga títí yóò fi pa ara rẹ̀.

Àwọn tó ń ra fáànù tokunbo láti fi rọ́pò, ẹ di bébà kan mú síwájú rédíétọ̀ nígbà tó bá ń yí. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń fò kúrò, fáànù ń fẹ́ sí òdì, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ẹ yí wáyà rẹ̀ méjèèjì padà tàbí kí ẹ dá a padà, torí ewé àwọn kan kò ṣe é yí sí òdì kó sì fà dáadáa. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pákó ike tó yí fáànù ká nù. Láìsí i, apá rédíétọ̀ tó wà níwájú ewé nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ní ti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é ni: ṣé calculateur ẹ́ńjìnnì ló ń tan fáànù ọkọ̀ yìí? Lórí ọ̀pọ̀ Golf 4, rárá. Sọ́ǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lára rédíétọ̀ àti àpótí fáànù ló ń ṣe é: ìpele kìíní ń ṣí láàárín 92 sí 97°C, ìpele kejì láàárín 99 sí 105°C. Ẹni tó bá gba owó yín láti yí calculateur Golf bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó máa yí padà fún fáànù. Sọ́ǹdì tuntun ni ojútùú, ẹni tó bá sì fẹ́ kó tètè ṣí lè wá sọ́ǹdì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí i.

Fún Peugeot 206 àti 307, calculateur ló ń pàṣẹ lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo résistance (ohun tó ń dín iná kù) tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ fáànù fún ìpele tó rọra. Ó máa ń jó. Bó bá ti jó, fáànù á dákẹ́ pátá títí ooru á fi dé ìpele kejì, á wá bú jáde bí ọkọ̀ òfuurufú. Awakọ̀ á ní calculateur ló ń pẹ́ tan án. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún résistance ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dára ni ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé nọ́ńbà ga gan-an, tí calculateur sì ń darí rẹ̀. Chevrolet Camaro oní-LS1, 1998 sí 2002, ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀: ìpele kìíní bíi 108°C, ìkejì bíi 113°C. Pẹ̀lú HP Tuners, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí nọ́ńbà inú calculateur, ẹ lè sọ ọ́ di 95 àti 101 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí nọ́ńbà kíkú náà sì tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ kò ya wèrè tó fi gbé e ga: ẹ́ńjìnnì tó gbóná díẹ̀ kì í jẹ epo púpọ̀, èéfín rẹ̀ sì mọ́, fáànù kì í sì í pariwo. Ṣùgbọ́n glycol ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ti dá glycol àti ìdérí padà, ìdajì ìdí tí ẹ fi fẹ́ yí nọ́ńbà ti lọ.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan sínú calculateur, bátìrì gbọ́dọ̀ wà lórí ṣájà tó ń mú un dúró lókè 13 V. Bí iná bá já ní àárín ìkọ̀wé, calculateur lè kú, òmíràn lẹ ó sì máa wá kiri. Ẹ ní kí wọ́n ka fáìlì àtilẹ̀wá jáde kọ́kọ́, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ sórí kílé USB. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún yín, ẹ dìde. Ẹ sọ ní kedere pé ìṣí àti ìkú fáànù nìkan lẹ fẹ́. Àwọn kan ní fáìlì "Stage 1" nílẹ̀ tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ gbogbo, agbára ẹ́ńjìnnì á pọ̀ sí i, ooru náà á sì pọ̀ sí i, ohun tí ẹ wá wò gan-an.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà rárá: wọ́n á so résistance kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹdì omi kí calculateur lè rò pé ooru ti pọ̀. Résistance inú sọ́ǹdì yẹn ń kéré sí i bó ṣe ń gbóná. Ti Toyota ń wà láàárín 2 sí 3 kΩ ní 20°C, á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 0,3 kΩ ní 80°C. Irọ́ tí wọ́n pa fún un kò mọ sórí fáànù. Epo àti iná ẹ́ńjìnnì ń tẹ̀lé nọ́ńbà kan náà, ọkọ̀ á máa ṣòro láti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù náà á sì máa purọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ooru bá dé lóòótọ́. Ẹ yọ ọ́.

Àwọn ọkọ̀ tuntun tí fáànù wọn ní àpótí tirẹ̀, tó ń gba àṣẹ gẹ́gẹ́ bí iná tó ń tàn tó sì ń kú kíákíá, tí ìgbà tó fi ń tàn ń gùn tàbí kí ó kúrú, ẹ má gé wáyà wọn fi bọ́tìnnì tàbí rẹlé sí. Ìṣàkóso eré wọn wà nínú àpótí yẹn. Bí wáyà àṣẹ bá já, púpọ̀ nínú wọn á yí ní eré tó ga jù láìdúró, ìyẹn sì sàn ju kó kú lọ.

Fún ọkọ̀ akérò tó ń ná Kétu sí Àjàṣẹ́, tó sì jẹ́ ti ìgbà tí kò sí OBD, ẹ ra àpótí onísọ́ǹdì onígíríìfù, rẹlé ti ìta, àti bọ́tìnnì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí àpótí bá kú. Fún Corolla tí sọ́ǹdì rẹ̀ ṣì dára, ẹ má fi nǹkan kan kún un, àfi rẹlé àpamọ́ nínú àpótí ìbọ̀wọ́. Fún Peugeot 307, résistance àti ìdérí. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó ń gbé ẹrù wúwo gun òkè lọ́ra-lọ́ra nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, lè sọ ìpele kìíní kalẹ̀ díẹ̀, bíi ìwọ̀n mẹ́ta, bí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ bá gbà á láàyè.

Lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ohun tó rà kò ṣiṣẹ́, ẹ fọ ojú rédíétọ̀. Eruku pupa àti kòkòrò ń dí àárín ìyẹ́ rẹ̀, pàápàá láàárín rédíétọ̀ omi àti ti éésì níbi tí ojú kò dé. Ẹ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sí iwájú, kí omi lè tì í padà síbi tó gbà wọlé, pẹ̀lú omi tó rọra. Ẹ̀rọ tó ń ta omi lágbára á tẹ ìyẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tó bá gbẹ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lójú kan ní ọ̀sán pẹ̀lú éésì ní pípa. Fáànù gbọ́dọ̀ ṣí, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò kú, ẹ tún padà síbi tẹ́mósítáàtì àti nọ́ńbà tí ẹ yàn.